Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: Bí A Ṣe Ń Yan Preamp Olówó Pọ́ọ́kú fún Gbígba Ohùn Sílẹ̀ Nínú Ilé

 

Nínú ìwé tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fi ń tọrọ ẹ̀yáwó, ohun tí a máa ń rí tẹ́lẹ̀ ni maṣíìnì ìránṣọ, ẹ̀rọ ìlọta, fíríìjì àti owó ọjà. Nísinsìnyí, a ti ń rí akéwì, onígítà, olórin ìjọ, àti ọlọ́jà tó ń fi ohùn ara rẹ̀ polówó, tí wọ́n ń tọrọ owó láti ra ẹ̀rọ tí wọn yóò fi máa gba ohùn sílẹ̀ nínú iyàrá ara wọn. Iṣẹ́ gidi ni, kì í ṣe eré ọmọdé. Ṣùgbọ́n owó ẹgbẹ́ ni ẹ fẹ́ yá, àwọn onígbọ̀wọ́ yín sì ti fọwọ́ sí i. Bí ẹ̀rọ náà kò bá lè ṣe ohun tí ẹ torí rẹ̀ rà á, gbèsè kò ní tìtorí ìyẹn dúró. Oṣù á máa parí, owó á máa jáde.

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ láàmú jù nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ni èyí tí wọ́n ń pè ní preamp. Òun ni ẹ̀kọ́ wa fún oṣù yìí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú níbẹ̀: máìkì yín àti iyàrá yín ni kí ó sọ preamp tí ẹ máa rà, kì í ṣe ẹnu ẹni tó ń tà á.

Ẹ má rò pé àṣà àjèjì ni kí olórin ní ẹ̀rọ tirẹ̀. Ní ọdún 1969, Haruna Ìṣọ̀lá àti I. K. Dairo jọ dá ilé-iṣẹ́ Star Records sílẹ̀, kí olórin lè ní ìpín nínú àwo tó fi ọ̀fun ara rẹ̀ kọ. Ní ọdún 1979, Haruna Ìṣọ̀lá ní sítúdíò Phonodisk ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Owó ńlá ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń gbà nígbà náà. Lónìí, díẹ̀ nínú iṣẹ́ yẹn ti ṣeé ṣe lórí tábìlì nínú yàrá, bí a bá mọ ohun tí à ń rà.

1. IṢẸ́ WO NI PREAMP Ń ṢE?

Ẹ jẹ́ kí á fi ààfin ṣe àpẹẹrẹ. Kábíyèsí kì í pariwo. Jẹ́jẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, alágbàsọ ni yóò gbà á lẹ́nu rẹ̀ tí yóò sọ ọ́ sókè kí gbogbo àwùjọ lè gbọ́. Máìkì ni ọba yẹn, preamp sì ni alágbàsọ. Bí alágbàsọ bá ń wúkọ́, tàbí tó ń kùn, ikọ́ rẹ̀ ni àwùjọ máa gbọ́ mọ́ ọ̀rọ̀ ọba. Bí kò bá sì lóhùn tó, àwọn tó wà lẹ́yìn kò ní gbọ́ nǹkan kan.

Iná tó ń ti ẹnu máìkì jáde kéré gan-an. Ẹ mú Shure SM58, máìkì tí ọ̀pọ̀ oníwàásù àti olórin ń gbá mú lọ́wọ́. Bí ohùn tó le dáadáa, tó tó 94 dB, bá kọlù ú, 1.85 mílífóòtì ló ń mú jáde. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan jẹ́ fóòtì 1.5. Èyí já sí pé ohun tí máìkì yẹn mú wá kò tó ìdá kan nínú 800 agbára bátìrì kan ṣoṣo. Preamp ló máa gbé e sókè kí kọ̀ǹpútà tó lè rí i lò.

Bọ́tìnì tí wọ́n kọ GAIN sí ló ń sọ iye ìlọ́po tí preamp fi ń gbé ohùn sókè. dB ni wọ́n fi ń kà á, ìṣirò rẹ̀ sì rèé:

6 dB jẹ́ ìlọ́po 2.
20 dB jẹ́ ìlọ́po 10.
40 dB jẹ́ ìlọ́po 100.
60 dB jẹ́ ìlọ́po 1,000.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹ̀rọ kan tó ní 50 dB àti òmíràn tó ní 60 dB, ẹ má rò pé díẹ̀ ni èkejì fi jù ú lọ. Ó jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀.

2. MÁÌKÌ NI KÍ Ó SỌ PREAMP TÍ Ẹ MÁA RÀ

Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ kọ́kọ́ mọ eku yín ná.

Oríṣi máìkì kan wà tí wọ́n ń pè ní dynamic. Kò nílò iná. Ó gba ìyà, bó tilẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ó lè má ṣe nǹkan kan. SM58 tí mo dárúkọ wà nínú wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, SM57, tó jáde ní 1965. Ohùn tó ń mú jáde kéré, nítorí náà ó ń fẹ́ preamp tó lágbára. Bí ẹ bá fẹ́ fi gba gítà tí ẹ ń fi ọmọ ìka tẹ jẹ́jẹ́, tàbí ewì tí ẹ ń sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ẹ wá èyí tí gain rẹ̀ súnmọ́ 60 dB. Bó bá jẹ́ pé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, gángan tàbí ẹni tó ń kọrin sókè ni, 50 dB á tó o.

Oríṣi kejì ni condenser. Òun a máa gbọ́ ohun kékeré, ohùn tó sì ń mú jáde pọ̀. Ẹ wo Audio-Technica AT2020, tó wà nínú àwọn tí owó wọn kò ga púpọ̀: ní ibi tí SM58 ti mú 1.85 mílífóòtì wá, 14.1 ni tirẹ̀. Ó ju ìlọ́po méje lọ. Ẹni tó bá ní irú máìkì yìí kò ní láti sáré kiri nítorí preamp alágbára. Ní iyàrá tó dákẹ́, gain 40 sí 50 dB á ṣe é.

Ṣùgbọ́n condenser ń fẹ́ iná, preamp ló sì ń fi iná náà ránṣẹ́ sí i nínú okùn kan náà tí ohùn ń gbà. Ẹ wá bọ́tìnì tí wọ́n kọ 48V sí lára ẹ̀rọ. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ má rà á fún condenser. Ìtàn 48V yìí dùn. Ní 1966, ilé-iṣẹ́ rédíò ìjọba ilẹ̀ Nọ́wè fẹ́ kí Neumann ti ilẹ̀ Jámánì ṣe máìkì tí iná rẹ̀ yóò máa gba inú okùn ohùn wá. Ní àwọn sítúdíò Nọ́wè, iná fóòtì 48 ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń tan àtùpà pàjáwìrì bí iná bá lọ. Wọ́n kúkú lo ìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni 48 ṣe di òfin káàkiri ayé.

Ìkìlọ̀ kan: bí ẹ bá ní ògbólógbòó máìkì onírìbọ́ọ̀nù, ẹ má tẹ 48V fún un láìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, nítorí okùn tó bá ní àbùkù lè jẹ́ kí iná yẹn bà á jẹ́.

Ibi tí gbèsè ti ń bí gbèsè nìyí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rí Shure SM7B nínú fídíò lórí fóònù, wọ́n á ní àfi òun. Máìkì gidi ni, ṣùgbọ́n 1.12 mílífóòtì péré ló ń mú wá. Àwọn tó ṣe é fúnra wọn sọ pé preamp tó bá máa bá a ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán 60 dB. Ẹni tó bá rà á mọ́ preamp kékeré tí agbára rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ á yí bọ́tìnì dé òpin, á máa gbọ́ ṣṣṣ bíi rédíò tí kò tíì mú ilé-iṣẹ́ kankan. Ni wọ́n á bá ní kó lọ ra ẹ̀rọ kẹta, irú bíi Cloudlifter, tó ń fi bíi 25 dB kún un. Owó ẹ̀rọ kẹta yẹn kò sí nínú ohun tó kọ sínú ìwé ẹ̀yáwó rẹ̀. Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé ni kí ẹ ti ṣe ìṣirò yìí.

3. IYÀRÁ YÍN Ń PARIWO JU PREAMP LỌ

Iyàrá tó dákẹ́ lóru pàápàá lè ní ariwo tó tó 30 dB. Ariwo tí AT2020 ń mú wá fúnra rẹ̀ kò ju 20 dB lọ. Ẹ wá fi fáànù tó ń yí kún un, àti jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, àti òjò lórí páànù. Bí ẹ bá ra preamp tó dákẹ́ jù lọ láyé sínú irú iyàrá bẹ́ẹ̀, jẹnẹrétọ̀ yẹn náà ni yóò gbé sókè fún yín, kedere.

Ohun tó kàn, kí ẹ tó náwó, ni kí ẹ ṣe àwọn nǹkan tí kò gba owó:

(a) Ẹ pa fáànù. Ẹ gba ohùn sílẹ̀ lóru, tàbí kí àkùkọ tó kọ.

(b) Ẹ gbé mátírẹ́ẹ̀sì ti ògiri, ẹ ta aṣọ tó nípọn sí ojú fèrèsé. Iyàrá tó ṣófo a máa dá ohùn padà bí inú ṣáláńgá. Èyí tó kún fún aṣọ a máa gbé e mì.

(d) Ẹ súnmọ́ máìkì. Bí ẹ bá wà ní 60 sẹ̀ntímítà, tí ẹ sún wá sí 30, ohùn tó ń wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. 6 dB nìyẹn, ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹnu gbá a, kí ohùn má baà máa dún bí ìkòkò.

(e) Fún gítà, ẹ má kọ ojú máìkì sí ihò rẹ̀ gan-an. Ẹ kọ ọ́ sí ibi tí ọrùn gítà ti pàdé ara rẹ̀, ní bíi 30 sẹ̀ntímítà.

Ẹni tó bá ṣiyèméjì, kó wo iṣẹ́ Bruce Springsteen, ará Amẹ́ríkà. Ní oṣù kìíní ọdún 1982, nínú ilé rẹ̀ ní New Jersey, ó fi máìkì SM57 méjì àti ẹ̀rọ oníkásẹ́ẹ̀tì kékeré kan, TEAC Tascam 144, gba orin sílẹ̀. Èrò rẹ̀ ni pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò fi kọ́ orin náà kí wọ́n tó lọ sí sítúdíò ńlá. Nígbà tó yá, ti inú ilé yẹn náà ló gbé jáde ní ọdún kan náà, òun ló di àwo Nebraska. Preamp inú ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì yẹn kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Orin tó dára àti iyàrá tó dákẹ́ ló ṣe iṣẹ́ náà.

4. OHUN TÍ Ẹ MÁA KÀ LÁRA PÁÁLÍ

Ṣé ó wà lọ́tọ̀ ni, àbí ó wà nínú interface? Èyí ṣe pàtàkì. Preamp tó dá dúró kò lè bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ó ṣì máa nílò ẹ̀rọ mìíràn tí yóò sọ ohùn di nọ́ńbà. Èyí tí wọ́n ń pè ní interface ti ní preamp nínú, ó sì ní okùn USB tó ń lọ sí kọ̀ǹpútà. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ láti òfo, interface ni kó rà. Preamp tó dá dúró wà fún ẹni tó ti ní ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ nílẹ̀, tó kàn fẹ́ fi kún agbára rẹ̀.

Ariwo tirẹ̀ ńkọ́? EIN ni wọ́n máa ń kọ síbẹ̀. Ẹ kà á bí ìgbà tí à ń ka gbèsè: ó ní àmì ìyọkúrò níwájú, bí nọ́ńbà rẹ̀ bá sì ṣe tóbi tó ni ariwo ṣe kéré tó. −128 dára ju −120 lọ. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tó mọ. Ooru inú wáyà máìkì fúnra rẹ̀ ń mú ariwo wá. Fún máìkì 150 ohm, ariwo náà jẹ́ bíi −131 dBu, kò sì sí iye owó tó lè mú un kúrò. Ọ̀pọ̀ interface olówó pọ́ọ́kú tó dára ti wà láàárín −125 sí −129. Ẹ rí i pé àlàfo tó kù kò pọ̀ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gba owó ìlọ́po mẹ́wàá lọ́wọ́ yín nítorí àlàfo yẹn, ẹ rọra bi í léèrè dáadáa.

Ẹ ṣọ́ra fún òṣùwọ̀n. Ẹ̀yin ọlọ́jà mọ kóńgò tí wọ́n ti ìdí rẹ̀ wọnú. Irú rẹ̀ wà níbí. Bí ẹ bá rí lẹ́tà A lẹ́yìn nọ́ńbà EIN, òṣùwọ̀n mìíràn ni wọ́n lò, ó sì máa ń jẹ́ kí nọ́ńbà náà dára ju bó ṣe yẹ lọ díẹ̀. Ẹ má fi èyí tó ní A wé èyí tí kò ní i.

Àwọn kan á ní tàwọn ní ìgò iná kékeré nínú, bíi ti rédíò ayé àtijọ́. Àwọ̀ ló ń fi kún ohùn. Kò sọ pé ẹ̀rọ náà dákẹ́ ju ìyókù lọ. Ẹ má torí rẹ̀ san àsanlé.

Iná ńkọ́? Lọ́dọ̀ wa níbí, èyí ju ìyókù lọ. Ẹ yan èyí tó ń gba iná láti inú kọ̀ǹpútà nípasẹ̀ okùn USB. Bí iná bá lọ, ẹ lè máa fi bátìrì kọ̀ǹpútà alágbèéká bá iṣẹ́ lọ, kí ẹ sì pa jẹnẹrétọ̀. Èyí tí a gbọ́dọ̀ fi púlọ́ọ̀gì sí ara ògiri á mú kí ẹ tan jẹnẹrétọ̀, jẹnẹrétọ̀ yẹn ni yóò sì wọ inú orin yín. Bó bá jẹ́ fóònù lẹ fẹ́ lò, ẹ kọ́kọ́ dán an wò, nítorí fóònù mìíràn kò ní iná tó láti gbé interface.

5. BÍ A ṢE Ń DÁN AN WÒ NÍ ṢỌ́Ọ̀BÙ

Ẹ mú máìkì yín àti kọ̀ǹpútà yín lọ, kí ẹ sì mú ìgbọ́hùn tó ń bo etí dání. Ẹ má gbà kí wọ́n fi máìkì tiwọn dán an wò fún yín.

Ẹ so ó pọ̀, ẹ sọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe máa sọ̀rọ̀ nílé, ẹ wá máa yí GAIN sókè díẹ̀díẹ̀. Bí ohùn bá ti tó kí ẹ tó dé òpin bọ́tìnì, ó dára. Bó bá jẹ́ pé ìparí gan-an ló tó ṣe é gbọ́, kò bá máìkì yín mu. Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́, ẹ fetí sí ariwo ṣṣṣ. Ẹ tẹ 48V, ẹ wò ó bóyá iná rẹ̀ tàn. Ẹ mi okùn ní ibi tó ti wọlé. Bó bá ń pariwo kàì-kàì, ojúhò rẹ̀ kò le. Bó bá ní ojúhò méjì, ẹ dán méjèèjì wò. Ẹ gba rìsíìtì, kí nọ́ńbà ẹ̀rọ wà lórí rẹ̀, kí ẹ sì bèèrè iye ọjọ́ tí ẹ lè fi dá a padà.

Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ má gbé ohùn dé ibi tí iná pupa ti ń tàn. Ẹ jẹ́ kí ibi tó ga jù dúró sí bíi −12 dB lórí kọ̀ǹpútà. Ohùn tó kéré ṣeé gbé sókè lẹ́yìn, ṣùgbọ́n èyí tó ti fọ́ kò ṣeé lẹ̀ mọ́.

6. ÌṢIRÒ OWÓ

Ẹ pín owó tí ẹ fẹ́ yá sí ọ̀nà 10. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ lo 4 fún máìkì, 3 fún interface tó ní preamp nínú, 1 fún okùn àti ìdúró máìkì, 1 fún ìgbọ́hùn etí, kí 1 tó kù dúró fún àtúnṣe. Bí preamp nìkan bá ń gba 6 nínú 10, ẹ ti gbé alágbàsọ ga ju ọba lọ.

Kí ẹ sì kọ́kọ́ bi ara yín bóyá rírà ló tọ́. Ká fi ṣe àpẹẹrẹ: bí sítúdíò bá ń gba ₦20,000 lẹ́ẹ̀kan, tí gbogbo ẹ̀rọ sì jẹ́ ₦300,000, ẹ̀ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún tí ẹ bá lọ ni owó méjèèjì tó dọ́gba. Ẹni tó ń lọ lóṣooṣù á rí owó rẹ̀ padà láàárín ọdún kan àti oṣù mẹ́ta, yàtọ̀ sí èlé. Ẹni tó ń lọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún á tó ọdún méje ààbọ̀. Kí onítọ̀hún máa lọ sí sítúdíò rẹ̀ ní jẹ́jẹ́, kó jẹ́ kí owó ìfipamọ́ rẹ̀ máa pọ̀ sí i.

Ọ̀nà kẹta tún wà, òun ló sì jọ tiwa jù lọ. Ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta lè jọ rà á. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀, ọjọ́ wo ni ti oníkálukú, ta ni yóò san owó bó bá bàjẹ́, báwo ni wọn yóò ṣe pín in bí ẹnì kan bá fẹ́ yọ ọwọ́. Ẹ mú ẹ̀dà ìwé náà wá sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ

1. Ọmọ ẹgbẹ́ kan ní SM58, ó sì fẹ́ gba ewì jẹ́jẹ́ sílẹ̀. Gain mélòó ni kó wá?
2. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá so condenser mọ́ ẹ̀rọ tí kò ní 48V?
3. Dárúkọ nǹkan mẹ́ta tí a lè ṣe nínú iyàrá kí a tó ná kọ́bọ̀.
4. Èwo ni yóò tètè san gbèsè rẹ̀ nínú iṣẹ́ tìrẹ: rírà, yíyá sítúdíò, tàbí jíjọ rà á? Mú ìṣirò rẹ wá.

Ẹni tó bá ń bọ̀ wá tọrọ ẹ̀yáwó fún irú ẹ̀rọ yìí, kó kọ orúkọ máìkì rẹ̀, iye gain tó ń fẹ́, àti iye ìgbà tó ń gba ohùn sílẹ̀ lóṣù, sínú ìwé rẹ̀. Ìgbìmọ̀ yóò béèrè.

Ire o.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù yín